Bí ẹ ṣe lè fi kíkọ́ ajá ṣiṣẹ́ jẹun ní Kétu, nílẹ̀ Benin

Ọmọ ọdẹ ni mí. Bí bàbá mi bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan péré, ajá mẹ́ta á ti inú igbó yọ sí i. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún mi kí n bá wọn kọ́ ajá, mo rò pé ohun tí mo rí lọ́wọ́ bàbá mi ti tó. Kò tó rárá.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí ajá ṣe ń sọ̀rọ̀. Ajá lè máa mi ìrù kí inú rẹ̀ má dùn. Bí ìrù bá nà ṣánṣán sókè, tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó ń lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ níwájú rẹ̀, tó ń yán nígbà tí oorun ò kùn ún, tó yí ojú débi pé funfun ẹyinjú hàn, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń bẹ̀ yín kí ẹ fún òun láyè ni.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ìdílé kan mú ajá wá torí pé ó máa ń kùn bí ọmọdé bá sún mọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀. Pàṣán ni mo gbé tì í. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kò kùn mọ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sanwó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló bu ọmọ wọn jẹ lápá, kò kùn, kò gbó. Ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ìkìlọ̀ tó ń ṣe fún wa ni mo nà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àpá eyín náà ṣì wà lára ọmọ yẹn, mo máa ń rí i bí mo bá kọjá. N kò mú pàṣán dání mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí ajá bá ń ṣọ́ àwo, ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ju ẹran tó dùn ju oúnjẹ rẹ̀ lọ sí i, kí ẹ sì kúrò. Lọ́jọ́ kejì, bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ kan sún mọ́ ọn.

Bí mo ṣe ń kọ́ ajá ní jíjókòó nìyí. Ẹ gé ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́, kó má ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹ gbé ọ̀kan sí imú rẹ̀, kí ẹ rọra gbé e gba òkè orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Bí imú ṣe ń lọ sókè ni ìdí ń lọ sílẹ̀. Gẹ́lẹ́ tí ìdí bá kanlẹ̀, ẹ wí pé "O káre!", kí ẹja sì bọ́ sí i lẹ́nu láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá pẹ́, tó sì ti dìde, dídìde lẹ sanwó rẹ̀ yẹn. Ẹ má fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó tó.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tiwa níbí lágbára. Bàbá á fi Faransé ní "Assis!", ọmọ á fi Yorùbá ní "Jókòó!", ajá á dúró, á máa wò wọ́n. Kí gbogbo ilé mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni "Wá!" àti "Má!" jọra jù létí ajá, mo máa ń ní kí wọ́n fi "Fi í lẹ̀!" rọ́pò "Má!".

Ọmọ ajá ní tirẹ̀, àárín ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí 14 ló ń mọ ohun tí kò yẹ kó bà á lẹ́rù. Ẹ gbé e mọ́ra, torí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè má tíì pé, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ẹ̀rọ ìlọ̀gì, alùpùpù, àti ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti òkèèrè, kí ẹja wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má gba ajá tí olówó rẹ̀ kò fi ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi hàn yín. Kí ẹ̀yin fúnra yín gba abẹ́rẹ́ náà pẹ̀lú. Bí ajá bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kó tó yè.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, nílẹ̀ Faransé òfin ń béèrè irú ìwé ẹ̀rí bí ACACED lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi kíkọ́ ajá ṣòwò. Ní Amẹ́ríkà, CCPDT, àjọ tó ń fún àwọn tó ń kọ́ ajá ní ìwé ẹ̀rí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ń fẹ́ kí èèyàn ti ní ìrírí wákàtí 300 nínú iṣẹ́ kíkọ́ ajá láàárín ọdún 3 kó tó jókòó ìdánwò ìwé ẹ̀rí wọn tí wọ́n ń pè ní CPDT-KA. Mo ra ìwé kékeré kan nítorí èyí: ọjọ́, ajá, wákàtí, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ra tiyín lónìí.

Olówó ajá lẹ ó kọ́ jù. Ìyá àgbà kan wí fún mi pé, "Ọmọ mi, ajá ni mo ní kí o kọ́." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ̀yin lẹ ó máa bá a gbé." Kí n tó gba owó ìkẹyìn, ọmọ tó kéré jù nínú ilé á pe ajá náà láti ẹnu ọ̀nà, èmi àti ìyá rẹ̀ á dúró tì í. Bí ajá bá dá oúnjẹ dá eré dúró, tó sáré wá, ó parí. Bí kò bá wá, mo ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.