Bí a ṣe ń wọn ẹrẹ̀ odò, tí a sì ń mọ̀ bóyá òjò ló fà á tàbí ohun tí a fi ilẹ̀ ṣe

Bí odò kan bá ń rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn kan á ní òjò ayé òde òní ló le, àwọn mìíràn á ní igbó tí wọ́n gé lókè odò ni. Àwọn méjèèjì lè jàre. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe ní láti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó ń gbin koríko sí bèbè, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láti kọ́lé ló ń tú ẹrẹ̀ jáde, iṣẹ́ àṣedànù ló ń ṣe. Odò kékeré ni ká fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ilẹ̀ tó ń da omi sínú rẹ̀ ò ju kìlómítà níbùú lóòró 10 lọ. Odò ńlá máa ń da ẹrẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé ibi tí ẹ ti ń wọ̀n ọ́n, òjò kì í sì í rọ̀ dọ́gba lórí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ mọ ààlà ilẹ̀ náà

Ẹ wá máàpù tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojúkò tí ẹ fẹ́ máa wọn omi, kí ẹ fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé orí òkè tó yí odò ká títí ìlà yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà yìí ò gbọdọ̀ gé odò kankan kọjá, àfi ní ojúkò yẹn nìkan. Bó bá gé e níbòmíràn, ẹ ti ṣì í. Lẹ́yìn náà, ẹ pín inú rẹ̀ sí igbó, pápá koríko, oko, ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, àti ibi tí òrùlé òun ọ̀dà bò, kí ẹ kọ ìdá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Fún bí ilẹ̀ ṣe rí nígbà kan, àwòrán sátẹ́láìtì Landsat wà láti ọdún 1972, ọ̀fẹ́ sì ni.

Wíwọn òjò

Àròpọ̀ òjò ọjọ́ kan ò tó. Mìlímítà 40 tó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lè wọlẹ̀ tán. Mìlímítà 40 kan náà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àgbàrá ni yóò dà. Ilẹ̀ ní ìwọ̀n omi tó lè mu ní wákàtí kan, èyí tó bá lé ni yóò máa ṣàn lórí. Òjò líle tún máa ń fọ́ erùpẹ̀ ìhòòhò sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yìí á dí ihò ojú ilẹ̀, ilẹ̀ á wá le, omi ò ní rí ibi wọlé mọ́. Ohun ìwọ̀n òjò tó ń ṣàkọsílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5 sí 15 ló wúlò fún irú iṣẹ́ yìí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá fi 1°C gbóná sí i, omi tó lè gbé mọ́ra máa ń fi nǹkan bí 7% pọ̀ sí i. Nítorí náà, òjò ọdún lè wà bó ṣe wà, kí òjò wákàtí kan sì le ju ti tẹ́lẹ̀.

Wíwọn omi tó ń kọjá

Ẹ wá ibi tí odò ti lọ tààrà, tí kò sí òkúta ńlá tàbí igi tó wó sí i. Ẹ ri igi tàbí irin tí ẹ sàmì sẹ́ǹtímítà sí mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ẹ lè máa ka gíga omi. Ẹ ta okùn ìwọ̀n kọjá odò, kí ẹ wọn bó ṣe jìn tó ní ibi mẹ́wàá ó kéré tán. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń ka eré omi, ibi tó jẹ́ ìdá 0.6 ìjìn odò, láti ojú omi sísàlẹ̀, ni kí ẹ kì í sí. Bí ẹ ò bá ní, ẹ ju ohun tó ń léfòó, tí ara rẹ̀ tó wà nínú omi pọ̀ ju èyí tó wà lókè lọ, kí ẹ fi aago ka ìgbà tó fi rin mítà 20. Ẹ ṣe é láàárín odò àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ojú omi máa ń sáré ju abẹ́ lọ, torí náà ẹ fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ká ní odò fẹ̀ ní mítà 6, ó jìn ní ìdajì mítà, ohun tó ń léfòó sì lo ìṣẹ́jú-àáyá 25. Eré rẹ̀ jẹ́ 0.8 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Tí a bá fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.68. Omi tó ń kọjá wá jẹ́ 6 × 0.5 × 0.68, ìyẹn mítà kúbíìkì 2.04 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ tún un ṣe nígbà tí omi bá kéré, nígbà tó bá pọ̀, àti nígbà tó bá wà ní ìwọ̀nba, kí gíga orí igi ìwọ̀n tó lè máa sọ iye omi fún yín láìwọ odò. Nígbà tí odò bá kún, orí afárá ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́. Omi tó dé orúnkún tó ń sáré lè gbé àgbàlagbà lọ.

Bíbu omi: ibí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa bu omi ní ọjọ́ tí ara tù ú. Púpọ̀ nínú ẹrẹ̀ tí odò kékeré ń gbé lọ́dún, ọjọ́ díẹ̀ tí àgbàrá wá ni ó fi ń gbé e. Ẹni tó bu omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí omi tòrò, yóò kọ iye tó kéré jọjọ sílẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni bíbu ojú omi nìkan. Amọ̀ máa ń pò mọ́ omi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n yanrìn abẹ́ ló ń gbà. Ẹ so ìgò lítà kan mọ́ irin tó wúwo, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ sì fà á sókè ní eré kan náà. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ odò, torí á kó yanrìn tí kò sí nínú ìṣàn. Bí ìgò bá kún tẹ́nu kó tó jáde, ẹ dà á nù kí ẹ tún un ṣe, torí ìgò tó ti kún ò gba ohun tó wà ní apá òkè mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, kí ẹ máa bù ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 títí yóò fi lọ sílẹ̀. Kọ aago àti gíga omi sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi ìgò méjì wéra, tí gíga omi wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan jẹ́ ti ìgbà tí omi ń gòkè, tí èkejì jẹ́ ti ìgbà tó ń lọ sílẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá nípọn jù, ẹrẹ̀ náà sábà máa ń jẹ́ èyí tó wà nítòsí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tàbí nínú odò gan-an, tí omi kọ́kọ́ gbá lọ. Bí ti èkejì bá nípọn jù, ẹ wo òkè jíjìn, tàbí bèbè tó ń ya lulẹ̀ lẹ́yìn tí omi ti lọ.

Sísẹ́ àti gbígbẹ

Ẹ gbẹ bébà asẹ́ glass fibre nínú óòfùn ní 105°C fún wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó tutù nínú ohun tó dé pinpin, kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tó ń ka 0.0001 gíráàmù. Ẹ yọ ewé àti igi kúrò nínú omi, ẹ mi ìgò dáadáa, ẹ wọn mìlílítà 250, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tún bébà gbẹ bíi ti àkọ́kọ́. Bébà gbígbóná máa ń da òṣùwọ̀n rú. Èyí tó pẹ́ níta á ti fa ọ̀rinrin.

Bí bébà bá jẹ́ 0.1312 gíráàmù kí ẹ tó sẹ́ omi, tó wá di 0.4437, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlígíráàmù 312.5. Nínú lítà kan, ìyẹn jẹ́ mìlígíráàmù 1,250, tàbí gíráàmù 1,250 nínú mítà kúbíìkì kan. Ẹ fi omi 2.04 wa ìṣáájú sọ ọ́ di púpọ̀: gíráàmù 2,550 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí odò bá wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan péré, ó ti gbé tọ́ọ̀nù 9 kọjá lójú yín.

Kí ni ilẹ̀ fi kún un?

Ẹ lè ṣírò àgbàrá tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò tú jáde. Ọ̀nà kan wà tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìtọ́jú ilẹ̀ ṣe, tó ń fún ilẹ̀ ní nọ́ńbà CN (curve number), tí kì í ju 100 lọ; bó bá ṣe ga tó ni àgbàrá ṣe ń pọ̀ tó. S, ìyẹn omi tí ilẹ̀ lè mú mọ́ra ní mìlímítà, = 25400/CN − 254. Àgbàrá = (P − 0.2S)² ÷ (P + 0.8S), P ni òjò ní mìlímítà. Bí P kò bá ju 0.2S lọ, kò sí àgbàrá.

Ẹ fi òjò mìlímítà 75 dán an wò lórí ilẹ̀ tó ń mu omi níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Igbó tó dára, CN 55: àgbàrá rẹ̀ ò pé mìlímítà 5. Oko tí wọ́n kọ ebè rẹ̀ tààrà, CN 81: mìlímítà 32. Ọ̀dà àti òrùlé, CN 98: mìlímítà 69. Òjò kan náà ni o. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀dà bò ń tú omi jáde, kì í tú ẹrẹ̀ púpọ̀. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ni ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tó mọ́ tó sì pọ̀ á wá máa gbẹ́ bèbè odò nísàlẹ̀.

Yíya òjò sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀

Bí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ya gíráàfù. Ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ àròpọ̀ òjò láti ọdún àkọ́kọ́ wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, àròpọ̀ ẹrẹ̀. Bí ilẹ̀ ò bá yí padà, àmì á tò ní ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tààrà, bí òjò pọ̀ bó sì kéré. Ibi tí ìlà bá ti gun òkè sí i, òjò kan náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrẹ̀ tó pọ̀ jù. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ ní ọdún yẹn.

Àléébù kan wà: àròpọ̀ òjò ò mọ òjò líle yàtọ̀ sí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ ya gíráàfù kejì tó jẹ́ òjò líle nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣírò ọ̀gbàrá sábà máa ń yọ òjò tí kò tó mìlímítà 12.7 kúrò. Bí ìlà bá tọ́ nínú èyí, tó sì tẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, ojú ọjọ́ ló yí padà, kì í ṣe ilẹ̀.

Dáàmù náà máa ń tẹ ìlà, torí ẹrẹ̀ máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Odò Yellow River ní Ṣáínà gbé nǹkan bíi bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 1.6 lọ́dún ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá; ní ọ̀rúndún yìí, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Àkàsọ̀ oko tí wọ́n gbẹ́ sára òkè, igi àti koríko tí wọ́n dá padà láti 1999, àti dáàmù kéékèèké òun ńláńlá ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú àdínkù náà. Ẹni tó bá wo ẹnu odò nìkan ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti igi àti èyí tó jẹ́ ti dáàmù.

Ẹ má sì ro pé òjò púpọ̀ ni ẹrẹ̀ púpọ̀. Níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé koríko ò bo ilẹ̀, ẹrẹ̀ lè ju ti ilẹ̀ olójò tí igbó bò lọ.

Bí odò bá ṣì ń rú lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti dára

Ẹrẹ̀ àtijọ́ tó ti jókòó sétí odò lè máa jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí igbó ti padà. Láti mọ̀, ẹ gún irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú bèbè ní ìdùbúlẹ̀, mítà kan sí ara wọn, kí orí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú erùpẹ̀, kí ẹ sì máa wọn èyí tó yọ síta lẹ́yìn àgbàrá kọ̀ọ̀kan. Bí bèbè tó ga ní mítà 2, tó gùn ní mítà 50, bá pàdánù sẹ́ǹtímítà 5, mítà kúbíìkì 5 ti wó sínú odò. Erùpẹ̀ gbígbẹ sábà máa ń wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 1.4 ní mítà kúbíìkì kan, nítorí náà ó jẹ́ tọ́ọ̀nù 7. Ẹ fi wé àròpọ̀ tí ẹ rí nínú àwọn ìgò àgbàrá yẹn. Bí iye méjèèjì bá súnmọ́ra, bèbè ni ẹ máa tún ṣe, kì í ṣe oko tó wà lókè.