Bí ẹ ṣe lè bá ẹni tó wà lórí wíìlìṣíà lọ ọjà l'Ékòó

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé ẹni tó wà lórí wíìlìṣíà yẹn ló ń lọ ọjà o, ẹ̀yin ẹ̀ ń sìn ín lọ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ torí gbogbo wàhálà tó kù, gọ́tà ni o, àtẹ̀gùn ni o, awakọ̀ tó ní búùtù òun ti kún ni o, gbogbo ẹ̀ ló lójútùú. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ọjà dé tí ẹni yẹn ò fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n rà fún un, tí kò fúnra ẹ̀ ná an, tí kò mọ iye tí wọ́n rà á, a jẹ́ pé ẹ ò bá a lọ ọjà, ẹ kàn gbé e jáde lọ gbatẹ́gùn ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo máa ń bá lọ, Ṣúrùlérè là ń gbé, ohun tí mo bá sì kọ síbí, ohun tá à ń ṣe ni.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ jókòó kẹ́ ẹ bi í: kí lo fẹ́ rà, èwo la máa kọ́kọ́ rà tó fi jẹ́ pé tó bá rẹ̀ wá kò ní jẹ́ òun ló kù, ṣé o fẹ́ máa yí taya fúnra ẹ àbí kí n máa tì ẹ́, owó ńkọ́, ta ló máa mú un lọ́wọ́? Ti owó yẹn ṣe pàtàkì, torí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọlọ́jà máa ń wò lójú. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá pe ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé wíìlìṣíà lè wọlé o, kò sẹ́ni tó fẹ́ tajà tó máa sọ pé rárá, wọ́n á ní ẹ máa bọ̀ jàre, ẹ débẹ̀ tán ẹ bá àtẹ̀gùn márùn-ún. Ẹ bi wọ́n pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà látojú títì dé iwájú yín? Ilẹ̀kùn yín ńkọ́, ó fẹ̀ tó báwo? Tí wọ́n bá mú iná lọ, ṣé jẹnẹrétọ̀ yín ń gbé lífítì? Ẹ fi tépù wọn wíìlìṣíà yẹn láti etí taya kan dé ìkejì, ti àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70, tí ilẹ̀kùn ò bá wá tó 80, ọwọ́ ẹni tó ń yí i á máa ha ara férémù. Tí wọn ò bá ráyè wọ̀n ọ́n, kí wọ́n ya fídíò ẹnu ọ̀nà yẹn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mọ́ọ̀lù rọrùn, mi ò jiyàn. Ikeja City Mall ní Aláúsá, The Palms ní Lẹ́kí, ilẹ̀ wọn tẹ́jú, kò sí ẹrẹ̀, ẹ máa rí ibi páàkì mọ́tò. Àmọ́ ẹ ò lè ra aṣọ ẹbí ogún èèyàn ní mọ́ọ̀lù, owó ẹ̀ á pọ̀ jù fún yín, ẹni tó wà lórí wíìlìṣíà náà sì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ọjà Ìdúmọ̀tà bíi ti gbogbo wa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó máa ń sọ pé kí wọ́n kúkú máa lọ mọ́ọ̀lù nìkan.

Bálógun àti Ìdúmọ̀tà le, mi ò ní tàn yín. Àtẹ ti gba ojú ọ̀nà, alábàárù ń pariwo àgò lẹ́yìn yín, mọ́tò ò lè wọ inú ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ tètè débẹ̀, nígbà táwọn èèyàn ṣì ń pa àtẹ, ojú ọ̀nà á ṣì yọ díẹ̀. Ẹ má lọ láàárọ̀ Tọ́sìdeè torí ọ̀pọ̀ ọjà ló máa ń fi ṣe ìmọ́tótó, wọn ò ní tíì ṣí. Sátidé, ẹ gbàgbé ẹ̀. Oṣù Kejìlá náà, àfi tó bá pọn dandan. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ sún un síwájú, torí omi á bo ihò tó wà lójú ọ̀nà, ẹ ò ní mọ ibi tí gọ́tà bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò já yín sílẹ̀ lápá Broad Street tàbí Marina kẹ́ ẹ wá tì í wọlé látibẹ̀.

Èyí tó wá ń dun èèyàn jù ni pé àwọn ṣọ́ọ̀bù tí léèsì wọn dáa, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n máa ń wà, kò sì sí lífítì. Àwọn géńdé á ní àwọn máa gbé e gòkè. Ẹ má gbà àyàfi tí ẹni tó wà lórí ẹ̀ bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun fẹ́, àtẹ̀gùn ibẹ̀ há, òkùnkùn wà níbẹ̀, èèyàn ń gòkè èèyàn ń sọ̀. Ohun tá à ń ṣe ni pé ọlọ́jà tá a máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ ti mọ̀ pé à ń bọ̀ látàná, ẹ̀gbọ́n mi á ti wo fọ́tò, wọ́n á ti yan bíi mẹ́fà, tá a bá dé ìsàlẹ̀ a ó pè é, á sọ̀ wọ́n kalẹ̀. A máa ń bẹ oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ pé kó jẹ́ ká dúró síwájú ẹ̀ díẹ̀, a sì máa ń ra nǹkan kékeré lọ́wọ́ òun náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa tú u, tí wọ́n á fọwọ́ tọ́ ọ wò, tí wọ́n á nà á sí oòrùn, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ọlọ́jà tí ò bá lè sọ ọjà ẹ̀ kalẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fún un lówó, ẹ lọ bá ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò. Tó bá jẹ́ Bolt tàbí Uber, kété tí awakọ̀ bá ti gbà, ẹ pè é kẹ́ ẹ sọ fún un pé wíìlìṣíà tó ṣeé ká wà níbẹ̀, ṣé búùtù ẹ̀ ṣófo? Ọ̀pọ̀ ti gbé sílíńdà CNG, ìyẹn gáàsì tí mọ́tò ń lò dípò epo, síbẹ̀ báyìí, kò sáyè mọ́. Tí búùtù ò bá gbà á, ẹ fi sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká a, ẹ yọ tìmùtìmù àtàwọn ibi ìgbẹ́sẹ̀lé méjèèjì, kẹ́ ẹ wá di aṣọ ìjókòó yẹn mú láàárín kẹ́ ẹ fà á sókè. Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ yọ yẹn, ẹ mú wọn sọ́dọ̀ nínú mọ́tò, torí nínú búùtù ni wọ́n ti máa ń sọnù. Tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí dáńfó, ẹ sanwó ìjókòó tí wíìlìṣíà máa gbà kí kọ̀ńdọ́ má bàa rí ẹnu wí, kẹ́ ẹ sì fún ara yín láyè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé yín sọ̀ kalẹ̀ lójú títì. Wíìlìṣíà tó ń lo bátìrì, ẹ má dán an wò nínú dáńfó, ó wúwo ju ohun téèyàn ń gbé lọ.

Títì í náà, iṣẹ́ ni. Taya kékeré iwájú yẹn ló máa ń há sínú àlàfo tó wà láàárín pákó tàbí síláàbù gọ́tà, tó bá há lójijì ẹni tó wà lórí ẹ̀ lè fojú lulẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ sọ fún un, ẹ fẹsẹ̀ tẹ irin kékeré tó wà lẹ́yìn nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ rọra dà á sẹ́yìn kí taya iwájú gbéra, kẹ́ ẹ wá fi taya ńlá kọjá. Tó bá jẹ́ ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ fẹ́ sọ̀, ẹ̀yìn lẹ máa fi sọ̀, kí ara yín wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ráńpù tó dáa, tí ibi tó fẹ́ gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó yẹ kí ráńpù yẹn gùn tó 120. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ráńpù l'Ékòó, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń yí gòkè, kì í ṣe èèyàn, torí náà ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó gùn ún. Tó bá di pé ẹ fẹ́ gbé e, férémù irin gan-an ni kí wọ́n dì mú o, kì í ṣe ibi ìgbọ́wọ́lé, kì í ṣe ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, àwọn yẹn máa ń yọ. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ pé "ó yá", ó sì sàn kó jẹ́ ẹni tí wọ́n ń gbé.

Ẹ má kó báàgì kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ó máa ń dà sẹ́yìn, pàápàá tí ẹni yẹn bá dìde. Ẹ gba alábàárù, ẹ sọ owó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹsẹ̀ ẹlòmíì ò sì mọ ooru tàbí òtútù mọ́, torí náà ẹ má gbé oúnjẹ gbígbóná tàbí ẹja oníyìnyín lé e lẹ́sẹ̀, ó lè jó o kó má mọ̀. Tó bá jẹ́ pé kì í lè yíra padà dáadáa, ẹ jẹ́ kó gbé ìdí sókè tàbí kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, kí egbò má bàa yọ. Omi náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í mu tí wọ́n bá fẹ́ jáde, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ò ní rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó gbà wọ́n. Èyí máa ń bà mí nínú jẹ́ gan-an. Ẹ wá ibẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì bèèrè pé ṣé kì í ṣe mọ́ọ̀pù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó síbẹ̀.

Nípa aṣọ, léèsì olókùúta dáa lójú, àmọ́ téèyàn bá jókòó lé òkúta yẹn látàárọ̀ dalẹ́ á dá egbò sí i lára. Ẹ wá èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò lókùúta, tàbí kí télọ̀ fi aṣọ lásán ṣe ibi ìjókòó. Etí ìró àti apá agbádá máa ń wọ inú taya, kí wọ́n gé e kúrú. Kí télọ̀ sì wọn ẹni yẹn lórí ìjókòó, torí ṣòkòtò tí wọ́n wọ̀n bíi pé èèyàn dìde dúró, ẹ̀yìn ẹ̀ á wálẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ á kúrú.

Tí ọlọ́jà bá wo ojú yín tó ní "kí ni wọ́n fẹ́ rà?", ẹ dákẹ́. Ẹ wo ojú ẹ̀gbọ́n yín. Ọlọ́jà náà á wo ibẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èyí tó bá fẹ́ sọ owó sí i lẹ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, ọjà ni mo wá rà, ẹ bá mi fún ẹlòmíì." Tó bá di POS, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn wá bá a kó tẹ PIN ẹ̀ fúnra ẹ̀, kó má pariwo ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀yin.

Ẹ mọ òfin náà. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lóṣù Kíní 2019 sọ pé níbi tí èrò bá tò sí, àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà fún wọn, ọdún márùn-ún yẹn sì ti pé láti 2024. Ilé iṣẹ́ tó bá ya èèyàn sọ́tọ̀ torí àìlera ẹ̀ lè san mílíọ̀nù kan náírà. Èkó ní òfin tiẹ̀ láti 2011, LASODA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, lẹ máa gbé ẹjọ́ lọ bá. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ lọ máa bá síkiọ́ríítì jà o, ẹ béèrè mánéjà, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ya fọ́tò àtẹ̀gùn yẹn.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fa òwú àti irun tó wé mọ́ taya iwájú yọ, ti Bálógun máa ń pọ̀ gan-an, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu omi ara irin kó má dípẹtà. Tó bá jẹ́ taya alátẹ́gùn tó sì ti ń rọ̀, fọ́káńáísà lè fún un ní afẹ́fẹ́, àmọ́ ẹ ka iye PSI, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ ẹ́, tó wà lára taya yẹn fún un kó tó bẹ̀rẹ̀.