Bí A Ṣe Ń Wọn Ìnira Tí Làkúrègbé Ìbàdí Ń Kó Bá Ìgbé Ayé Ẹni

Àwòrán X-ray máa ń fi hàn bí àlàfo inú oríkèé ìbàdí ṣe fún tó. Kò lè sọ bóyá màmá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ń rí oorun sùn lóru, tàbí bóyá ó ṣì ń dá wẹ̀. Ìbéèrè la fi ń wọn ìyẹn.

Ọ̀kan tó yá nínú wọn ni Oxford Hip Score, tó jáde ní 1996. Ìbéèrè 12 ló ní, lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá: ìwẹ̀, wíwọ ọkọ̀, gígun àtẹ̀gùn, ìrora òru àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 4. 48 ló dára jù, 0 ló burú jù. Ètò àtijọ́ ń ka 12 sí 60, 60 ló sì burú níbẹ̀, nítorí náà ẹ kọ èyí tí ẹ lò sínú fáìlì.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí aláìsàn fìka tọ́ ibi tó ń dùn ún. Ìrora ìbàdí sábà máa ń wà níwájú, níbi tí itan ti so mọ́ ara. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn tàbí orúnkún ló tọ́ka sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìyẹn náà yóò fa máàkì wálẹ̀.

Bíbéèrè lẹ́nu ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. "Báwo ni ìrora yẹn, Mà?" "A dúpẹ́ o." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ 4! Ìkíni nìyẹn. Ẹ ka ìdáhùn márààrún sétígbọ̀ọ́ rẹ̀, kó mú ọ̀kan. Ọmọ tó mú un wá kò gbọdọ̀ bá a dáhùn; ẹ rọra ní kó dúró síta. Ẹ má sì túmọ̀ ìbéèrè lójú ẹsẹ̀: lónìí ẹ ó pè é ní "ríro", lọ́la "títa", máàkì á sì yí padà láìjẹ́ pé ara yí padà. Ìwé kan náà tí wọ́n ti túmọ̀ tí wọ́n sì ti yẹ̀ wò ni kí gbogbo yín máa kà.

Ìbéèrè nípa ìbọ̀sẹ̀ máa ń dá àgbà Ẹ̀gbá dúró, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í wọ̀ ọ́. Bí kò bá rí i dáhùn, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo, ẹ má fi 0 sí i. Bí òfìfo kò bá ju 2 lọ, ẹ fi ìpíndọ́gba ìdáhùn yòókù dí i: ìdáhùn 10 tó jẹ́ 20 lápapọ̀ fún yín ní 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ á di 24. Bó bá ju 2 lọ, ẹ má ṣírò rárá.

Ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, ìforíkanlẹ̀ lórí ìrun àti lílóṣòó ní ṣáláńgá kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń dun àwọn èèyàn wa jù nìyẹn. Ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀, ẹ má rò ó mọ́ 48.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wádìí jinlẹ̀, ìwé ìbéèrè mìíràn lórí ìbàdí, tó ń jẹ́ HOOS, ní ìbéèrè 40, mẹ́rin nínú wọn lórí ìgbé ayé gan-an. Níbẹ̀, 4 ló burú jù. Bí ìdáhùn bá jẹ́ 3, 4, 2, 3, ìpíndọ́gba jẹ́ 3. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 25, ó di 75; ẹ yọ 75 kúrò nínú 100, ó ku 25. Nínú máàkì ìkẹyìn yìí, 100 ló dára jù.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ tún un bi. Ìyàtọ̀ tí kò tó 5 lórí Oxford lè jẹ́ ayídàyídà ìdáhùn lásán. Bí àròpọ̀ bá gòkè àmọ́ tí ìrora òru ṣì wà ní 0, ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà.