Bí Ẹ Ṣe Lè Kápá Ìfòfó Nínú Ọ̀dà Olómi

Ẹni tó bá ra ọ̀dà 20 lítà, tó ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì rí i pé ọ̀dà inú rẹ̀ ti wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, yóò gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó po ọ̀dà náà má ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Afẹ́fẹ́ ló há sínú ọ̀dà nígbà tí wọ́n ń pò ó, ìfòfó gbé e ga títí tó fi kún dé ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ìfòfó náà sì bẹ́ tán, 20 lítà di 18. Àwa tí a ń po ọ̀dà ní Múṣin, ní Ìsọlọ̀ àti ní Ìlúpéjú mọ ẹjọ́ yìí dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó sáré lọ sí ọjà kẹ́míkà ní Ojota lọ ra oògùn tó ń pa ìfòfó, èyí tí à ń pè ní difómà. Èmi gbà pé oògùn kọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ wá, ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni.

Omi lásán kì í hó bí ọṣẹ. Bí ẹ bá mi omi tó mọ́ nínú ìgò, ìfòfó rẹ̀ yóò bẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun tó jọ ọṣẹ bá wà nínú omi náà, yóò bo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì ní jẹ́ kó tètè bẹ́. Irú ohun bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀dà, nítorí a nílò rẹ̀ kí calcium àti titanium, ìyẹ̀fun tí a fi ń po ọ̀dà, lè gba omi sára. Bí Natrosol, ìyẹ̀fun tó ń mú ọ̀dà ki, bá sì ti ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ tó ti wọlé kì í tètè rí ọ̀nà gòkè mọ́. Àwọn ìyá wa ti mọ ìtọ́jú rẹ̀ tipẹ́: bí ẹ̀wà bá fẹ́ hó dànù lórí iná, wọ́n á kán epo pupa díẹ̀ sí i, ìfòfó náà á sì rọlẹ̀. Epo yẹn tàn sójú awọ ìfòfó, ó fa omi inú awọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tó fi tín-ín-rín, ó sì bẹ́. Bákan náà ni difómà ń ṣiṣẹ́. Epo tàbí silicone ni, wọ́n sì sábà máa ń po ìyẹ̀fun silica tí omi kì í mú mọ́ ọn, èyí tó ń gún awọ náà bí abẹ́rẹ́.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wọn ọ̀dà yín. Ẹ wá ife lítà kan, ẹ wọ̀n ọ́n lófìfo, ẹ bu ọ̀dà kún un dé ẹnu, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí lítà kan ọ̀dà yín tó ti fara balẹ̀, tí kò ní ìfòfó mọ́, bá jẹ́ kílò 1.45, tí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sì jẹ́ 1.30, a jẹ́ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ fẹ́ tà jẹ́ afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró ti dúrọ́ọ̀mù náà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí. Bí ọ̀dà bá ti jin kòtò láàárín bí àrọ, tí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ sì ń hàn síta, ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́ mu ni: ẹ dín eré rẹ̀ kù, tàbí kí ẹ sọ abẹ̀bẹ̀ náà kalẹ̀ sí i. Ẹ wo ibi tí páìpù ti so mọ́ ẹnu pọ́ǹpù. Bí ó bá jò níbẹ̀, ẹ lè má rí omi tó ń kán, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, a da difómà lé difómà fún oṣù méjì gbáko. Ọjọ́ tí mo jókòó ti dúrọ́ọ̀mù láti òwúrọ̀ ni mo tó rí i pé òkè ni páìpù PVA, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó ń mú ọ̀dà dì mọ́ ògiri, ti ń da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ibi tó sì ń bọ́ sí gan-an ni ìfòfó funfun ti ń rú jáde. A fi páìpù kún un kí ẹnu rẹ̀ lè wọ abẹ́ ọ̀dà, ìdajì difómà tí a ń lò tẹ́lẹ̀ sì tó wa láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí ẹ bá ti dí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, ó kan oògùn. Nínú 100 kílò ọ̀dà, 100 sí 500 gíráàmù difómà elépo ló sábà máa ń tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ mi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó bu nínú rẹ̀, nítorí silica máa ń rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ da ìdajì sí i nígbà tí ẹ bá ń lọ calcium àti titanium, kí ẹ da ìdajì yòókù sí i lẹ́yìn tí PVA bá ti wọlé tí ẹ̀rọ sì ń yí jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ìgò mẹ́rin dán an wò, kí ọ̀dà inú wọn dọ́gba, kí ọ̀kan má ní difómà rárá, kí ìwọ̀n difómà inú mẹ́ta yòókù sì yàtọ̀ síra, kí ẹ mì wọ́n fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì kun wọ́n sára pákó. Difómà onísilicone lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti pọ̀ jù, ihò róbótó-róbótó bí ojú ẹja yóò yọ lára ògiri, ọ̀dà kejì tí ẹ bá kùn lé e kì í sì í fẹ́ dì mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da kẹrosíìnì sí i. Òótọ́ ni pé ó máa ń bẹ́ ìfòfó, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ máa ń bá ọ̀dà wọ ilé oníbàárà, ó sì lè fa iná nínú ṣọ́ọ̀bù tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lò ó.

Bí ó bá jẹ́ ohun jíjẹ tàbí mímu ni ẹ ń ṣe, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀: difómà ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, irú bíi E900 (silicone tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ), ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tẹ̀lé òfin NAFDAC lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe bu ọ̀dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí ẹ pò ó. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ tún ife lítà kan náà wọ̀n lówùúrọ̀, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá sì ti bá òdiwọ̀n yín mu, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú.