Ẹ má ṣẹ́jú sí ọmọ ọdún mẹ́ta

Níbi ìkómọ kan, wọ́n bi ọmọkùnrin mi bóyá á tún jẹ ẹran. Mo ranjú mọ́ ọn, mo tún ṣẹ́jú, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe sí wa. Ó wò mí títí, ó ní, "Mọ́mì, kí ló kó sí yín lójú?" Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tá a délé, mo nà án. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà, èmi ni mo sì jẹ̀bi.

A máa ń rò pé bí ọmọ bá ti lẹ́nu ọ̀rọ̀, ó yẹ kó mojú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ń rí ojú yín. Ohun tó wà lọ́kàn yín ni kò tíì lè wò dé. Lọ́dún 1983, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Heinz Wimmer àti Josef Perner, pa ìtàn kan fáwọn ọmọdé: Maxi fi ṣokoléètì sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó lọ ṣeré, ìyá rẹ̀ wá gbé e sí òmíràn. Níbo ni Maxi máa kọ́kọ́ wá a sí? Àwọn tó kéré jù nínú wọn nàka sí ibi tí ṣokoléètì wà báyìí, bíi pé Maxi rí i nígbà tí wọ́n ń gbé e. Ohun tí ọmọ kékeré bá mọ̀, ó gbà pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó máa ń tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kí èyí tó yé ọ̀pọ̀ wọn. Torí náà, ẹ fẹnu sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó jáde nílé: "Tí wọ́n bá ní ṣé o tún fẹ́, sọ pé o ti yó."

Ẹ má sì tìtorí ẹkún ọmọ fura sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀ lè pé bí oṣù mẹ́jọ, kó wá figbe ta nígbà tó rí ìyá àgbà tó ti Òṣogbo wá. Làwọn kan á bá máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọmọ rí nǹkan. Kí ló rí? Ojú tí kò mọ̀ ni. Ó ti ń mọ èèyàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó síbi tó jìnnà díẹ̀, kí wọ́n máa bá ẹ̀yin sọ̀rọ̀. Ọmọ náà á fúnra rẹ̀ rá lọ bá wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, tí ojú yín wà nínú fóònù ńkọ́? Ibi tó tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ni ọmọ tuntun ti ń ríran jù. Láti orí ọmú sí ojú yín gan-an nìyẹn.

Àgbà náà ò tíì parí ẹ̀kọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 fi hàn pé ó di ìgbà téèyàn bá lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún kó tó mọ ojú tuntun dì mọ́rí jù lọ. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí kò lè dá ojú mọ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Wọ́n lè kọjá lára ẹ̀gbọ́n wọn lọ́jà láìkí i, ká sì máa pè wọ́n ní agbéraga. Kẹ́ ẹ tó bínú, ẹ kọ́kọ́ pè é lórúkọ. Ẹ ó rí i bó ṣe máa dọ̀bálẹ̀ nígbà tó bá gbóhùn yín.