Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ìsinmi fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun

Ní Arówómọ́lé tí mò ń gbé báyìí, kì í pẹ́ kí n tó tún gbọ́ pé ọmọ ẹnì kan ti gba físà. Nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì máa ń lọ tọ́jú arúgbó kí Ìlú Ọba tó ti ọ̀nà físà yẹn pa lọ́dún 2025. Kò yà mí lẹ́nu, ìlú tí ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1907 ni ìlú wa. Wọ́n máa ń wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi, torí mo ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́jọ ní Ìlú Ọba kí n tó padà wálé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù òtútù ni wọ́n máa ń béèrè. Èmi a bi wọ́n pé: bẹ́ ẹ bá débẹ̀, báwo lẹ ó ṣe máa sinmi? Wọn a máa wò mí.

Àṣìṣe tó burú jù ni fóònù tó ń dún lójú oorun. Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kó tó wọ bọ́ọ̀sì, kó wẹ̀, kó fi nǹkan sẹ́nu, ó ti di mẹ́wàá. Wákàtí kan péré ni aago tiwa fi ṣáájú tiwọn nígbà òtútù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ọgbọọgba ni. Ohun tó jọ àǹfààní yìí gan-an ló ń fa wàhálà: ìgbà tí ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ ń sùn ni ọjà ń hó nílé.

Lọ́jọ́ kan, mo ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, mo ti fi òwú dí etí, àmọ́ fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí, torí ìyá mi ti dàgbà. Bùọ̀dá mi pè láti ọ̀dọ̀ oní-páànù: ṣé pupa ni kí àwọn rà àbí aláwọ̀ ewé? Mo dáhùn. Ó tún pè pé owó ti lé. Káfíńtà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ má dá wa dúró o.” Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo jí. Lóru ọjọ́ náà, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, mo ti gbé oògùn màmá kan dé ẹnu màmá mìíràn kí ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tó gbá ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Títí di òní ni mò ń rántí ọwọ́ yẹn.

Ẹ pa fóònù láti aago mẹ́wàá sí mẹ́rin. Ẹ fún ẹnì kan ṣoṣo nílé ní nọ́ńbà ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìkan, kẹ́ ẹ sì dá àkókò fún àwọn tó kù. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni tèmi. Bùọ̀dá bínú fún odindi oṣù kan, lẹ́yìn náà ó mọ́ wọn lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ó kàn yín: ẹ fi ọ̀rọ̀ páànù ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bó bá jí yóò kà á.

Àṣìṣe mìíràn ni títa ọjọ́ ìsinmi. Òfin Ìlú Ọba ní kí wákàtí 11 wà láàárín iṣẹ́ ọjọ́ kan sí èkejì, kí iṣẹ́ má sì ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ pọ̀, àfi bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà kó jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló fọwọ́ sí ìwé náà láìkà á. Ẹ kà á. Ẹni tó ti fọwọ́ sí i ṣì lè kọ̀wé pé òun kò ṣe mọ́.

Ọjọ́ ìsinmi ọdún, tó jẹ́ 28 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, la máa ń kó jọ de oṣù Kejìlá. Àmọ́ ìwálé oṣù Kejìlá, iṣẹ́ ni: aṣọ ẹbí, ìpàdé lórí ilẹ̀, àlejò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ wálé o, inú wa ń dùn láti rí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ láàárín ọdún tẹ́ ẹ ò ní lọ síbì kankan.

Ọtí tí àwọn kan fi ń wá oorun, ó máa ń tètè gbé èèyàn lọ, kì í sì í jẹ́ kó sùn tẹ́rùn.

Dídá gbé tún wà níbẹ̀. Lóṣù Kejìlá, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀, ẹni tó jí ní mẹ́rin kò rí ojúmọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá síṣẹ́, ẹ jáde lọ́sàn-án. Bí ọkàn bá wúwo ju agbára yín lọ, 116 123 ni nọ́ńbà àwọn Samaritans, àwọn tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ìbànújẹ́ bá lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru.

Tèmi nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún ni pé ní Sọ́ńdè kan lóṣooṣù, èmi, ará Ìsẹ́yìn kan àti ará Ọ̀yọ́ kan máa ń pàdé. Fóònù á wọ inú agbọ̀n. A ó ro ọkà, torí ọmọ Ajílété ni mí, mo gbọ́dọ̀ jẹ ọkà kí n tó mu ẹ̀kọ yangan. Lẹ́yìn náà a ó ta ayò, a kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ará Ìsẹ́yìn dá ọwọ́ dúró nídìí ọpọ́n, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́rin tí òun ti bá ẹnikẹ́ni sọ Yorùbá tí ẹni náà kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun.