Bí a ṣe ń fi sliding mode darí kọ̀nfátà buck

Sliding mode ni ọ̀nà ìdarí tó ń tan súíìsì, tó sì ń pa á, kí iye kan tí à ń ṣírò lè máa wà nítòsí òdo. Ẹ jẹ́ ká mú buck, ìyẹn kọ̀nfátà tó ń rẹ fólítì sílẹ̀, tó ń gba 24 V, tó ń gbé 12 V jáde. Kóìlì rẹ̀ jẹ́ 100 µH, kapásítọ̀ tó wà ní ẹnu àbájáde 220 µF.

Ohun tí ẹ ó máa ṣírò ni S = g(Vref − Vo) − iC. Vref ni fólítì tí a fẹ́, Vo ni fólítì tó ń jáde, iC ni kọ́rẹ́ǹtì inú kapásítọ̀, g sì ni iye A tí à ń béèrè fún àṣìṣe 1 V. Ẹ fi g sí 1 A/V. Tí S bá kọjá ààlà òkè, ẹ tan MOSFET, ìyẹn súíìsì kọ̀nfátà náà. Tó bá já sábẹ́ ààlà ìsàlẹ̀, ẹ pa á. Láàárín méjèèjì, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí S bá ti ń rìn nítòsí òdo, àṣìṣe Vo á máa rọlẹ̀ ní ìwọ̀n àkókò C/g (C ni kapásítọ̀ àbájáde), ìyẹn 220 µs, ì báà jẹ́ kékeré tàbí ńlá ni ohun tó ń jẹ iná.

Ẹ má sáré gbé g dé 10. Àṣìṣe 1 V péré á fẹ́ kí iC máa yí ní 0.45 A/µs, kóìlì yìí kò sì lè ju 0.12 lọ. S á fò kọjá, Vo á máa jì sókè sódò.

Ààlà gan-an ni iṣẹ́ wà. Láìsí ààlà, súíìsì á máa tàn, á máa kú láìsinmi, MOSFET á sì gbóná jóná. Bí kọ́rẹ́ǹtì kóìlì bá ń yí 0.6 A láti ìsàlẹ̀ dókè, iye ìgbà tí súíìsì ń tàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni f = Vo(1 − Vo/Vin) ÷ (L × 0.6), ó jẹ́ 100 kHz; Vin ni fólítì tó ń wọlé, L ni kóìlì. Tí Vin bá di 36 V, ó di 133 kHz. Ní 18 V, 67 kHz. Ẹ fi 67 ṣe fílítà, ẹ fi 133 ṣírò ooru MOSFET. Ìdádúró comparator (tó ń fi S wé ààlà) àti dráífà (tó ń tan MOSFET) náà wà níbẹ̀: 200 ns ń fi 0.024 A kún ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 0.55 A ni kí ẹ ṣètò láàárín ààlà méjèèjì.

Fún ìwọ̀n iC, ẹ fi 20 mΩ sáàárín kapásítọ̀ àti ilẹ̀, kí ẹ sọ àmì rẹ̀ di ìlọ́po 25: 1 A di 0.5 V. Àṣìṣe 1 V náà gbọ́dọ̀ di 0.5 V kí g tó jẹ́ 1. Gbogbo kapásítọ̀ àbájáde ló gbọ́dọ̀ gba orí 20 mΩ yẹn kọjá. Èyí tí ẹ bá so sẹ́yìn rẹ̀ á jí kọ́rẹ́ǹtì gbé, ìwọ̀n yín á sì máa parọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ náà, ẹ gbé Vref láti òdo dé 12 V láàárín 10 ms. Kapásítọ̀ á gba nǹkan bí 0.26 A. Tó bá jẹ́ 12 V lẹ́ẹ̀kan náà, S á béèrè 12 A.

Ẹ má gbé S yìí sórí boost, ìyẹn kọ̀nfátà tó ń gbé fólítì sókè. Níbẹ̀, bí súíìsì bá tàn, kapásítọ̀ nìkan ló ń bọ́ ohun tó ń jẹ iná, Vo á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. S á rò pé iná kò tó, á di súíìsì mú, kọ́rẹ́ǹtì kóìlì á sì máa gùn ṣáá. Kọ́rẹ́ǹtì kóìlì ni kí ẹ darí níbẹ̀, kí Vo wá máa yan ìwọ̀n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.